Èdè Pọtogí kó wọn jọ sórí pápá: kí ni àwa ará Pobè àti Sakété lè rí kọ́ níbẹ̀?

Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù Cape Verde na Eswatini ní góòlù 3 sí òdo nílùú Praia, wọ́n sì gba àyè láti lọ sí ìdíje ife àgbáyé ti ọdún 2026. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn nínú ìtàn wọn. Ọjọ́ kejì rẹ̀ gan-an ni àwọn Guépards tiwa wọ pápá ní Uyo, ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, àwa la ṣíwájú nínú ìsọ̀rí wa pẹ̀lú máàkì 17. Nígbà tí yóò fi parí, Nàìjíríà ti jẹ góòlù 4, a kò sì rí ẹyọ kan dá padà. Gúúsù Áfíríkà ló gba àyè náà, àwa bọ́ sí ipò kẹta.

Ọ̀rọ̀ náà dun gbogbo wa. Àwọn kan dá akọ́nimọ̀ọ́gbá lẹ́bi, àwọn kan ní orí ló kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kò fi bẹ́ẹ̀ bi ara wa: báwo ni Cape Verde ṣe ṣe é? Erékùṣù 10 ni wọ́n, wọ́n wà láàárín omi òkun, níwájú Sẹ̀nẹ̀gàl. Gbogbo ènìyàn tó ń gbé ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù, wọn kò tó ará Kútọnù nìkan. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ilẹ̀ wa ní ọdún 2013, ará Kútọnù lé ní 679,000. Síbẹ̀ wọ́n fi Cameroon sẹ́yìn nínú ìsọ̀rí kan náà.

Ìdáhùn kan wà tó yẹ kí àwa tí a wà ní Pobè, Sakété, Kétu, Ìfànyìn àti Adja-Ouèrè gbé yẹ̀ wò dáadáa. Òun ni bí àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ èdè Pọtogí ṣe ń ràn ara wọn lọ́wọ́ nínú eré ìdárayá, ibi tó ti yọrí sí rere, àti ibi tó ti já sí asán. Ó kàn wá, nítorí pé àwa náà wà nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ti àwọn tó ń sọ Faransé. Àwa sì tún ní èdè mìíràn tó ju Faransé lọ fún wa.

Ìwé tí wọ́n kọ lẹ́ẹ̀mejì

Àwọn ọmọ Cape Verde tó wà lẹ́yìn odi pọ̀ ju àwọn tó wà nílé lọ. Wọ́n wà ní Portugal, ní Faransé, ní Holland, ní Amẹ́ríkà. Àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù wọn mọ èyí, wọn kò sì jókòó sílé máa retí àgbàyanu. Wọ́n ń wá àwọn ọmọ wọn kiri.

Ọ̀kan nínú wọn ni Roberto Lopes. Dublin, ní ilẹ̀ Ireland, ni wọ́n bí i sí. Ọmọ Cape Verde ni bàbá rẹ̀. Rui Águas, ọmọ Portugal tó ń kọ́ ikọ̀ náà nígbà yẹn, fi ìwé ránṣẹ́ sí i lórí LinkedIn, ìkànnì tí àwọn ènìyàn fi ń wá iṣẹ́. Èdè Pọtogí ló fi kọ ọ́. Lopes kò gbọ́ èdè náà, ó rò pé ọ̀rọ̀ àwọn oníjìbìtì ni, kò dáhùn. Oṣù mélòó kan kọjá kí Rui Águas tó tún kọ ìwé mìíràn sí i ní èdè Gẹ̀ẹ́sì: ṣé o ti ro ohun tí mo sọ? Ìgbà yẹn ni Lopes tó padà lọ túmọ̀ ìwé àkọ́kọ́. Ó gbà. Láti ọdún 2019 ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún ilẹ̀ bàbá rẹ̀, ó sì wà nínú àwọn tó mú wọn dé ife àgbáyé.

Ẹ wo ẹ̀kọ́ méjì tó wà níbẹ̀. Èdè Pọtogí ló jẹ́ kí ọmọ Portugal lè wá kọ́ àwọn ọmọ Cape Verde láìsí ògbufọ̀. Ṣùgbọ́n èdè yẹn kan náà ni kò jẹ́ kí Lopes dáhùn nígbà àkọ́kọ́. Ohun tó yí i padà ni pé ẹnì kan kò jẹ́ kó sú òun, ó kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kejì. Èdè ṣí ọ̀nà, iṣẹ́ ló mú wọn dé ibẹ̀. Nígbà tó sì yá, ọmọ onílé gba iṣẹ́ náà: Bubista, tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Cape Verde rí, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá tó mú wọn dé ife àgbáyé.

Eré ńlá dúró, eré kékeré ń lọ

Ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ èdè Pọtogí ń jẹ́ CPLP. Ọjọ́ 17 oṣù keje ọdún 1996 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Lisbon. Méje ni wọ́n nígbà náà: Portugal, Brazil, Angola, Mozambique, Cape Verde, Guinea-Bissau àti São Tomé. Timor-Leste wọlé ní 2002, Guinea Equatorial sì wọlé ní 2014.

Ohun kan wà tó yẹ kí ẹ ṣàkíyèsí. Kí ẹgbẹ́ yìí tó dúró ni eré ìdárayá ti bẹ̀rẹ̀ láàárín wọn. Ọdún 1992 ni wọ́n ti ṣe eré àwọn ọ̀dọ́ àkọ́kọ́ ní Lisbon. Àwọn ọ̀dọ́langba ni wọ́n ń kó wá, kì í ṣe àwọn olókìkí. Eré náà ń lọ láti ilẹ̀ kan dé èkejì, débi pé São Tomé tó kéré gan-an gbà á lálejò ní ọdún 2018.

Lẹ́yìn náà ni àwọn àgbà ìgbìmọ̀ Olympic wọn fẹ́ ṣe èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n dá ẹgbẹ́ ACOLOP sílẹ̀ ní 2004, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ Eré Lusofonia. Àkọ́kọ́ wáyé ní Macau ní 2006, ìkejì ní Lisbon ní 2009. Goa, ní ilẹ̀ Íńdíà, ló yẹ kó gba ìkẹta ní 2013, ṣùgbọ́n wọ́n sún un síwájú di oṣù kìíní 2014. Láti ìgbà náà, a kò tíì rí ìkẹrin.

Kò ṣòro láti mọ ìdí rẹ̀. Macau wà ní etí ilẹ̀ Ṣáínà, Goa wà ní Íńdíà. Kí ọmọ Guinea-Bissau tó dé ibẹ̀, owó ọkọ̀ òfurufú nìkan yóò ti gbẹ́ àpò. Orílẹ̀-èdè tó bá gbàlejò gbọ́dọ̀ kọ́ pápá, kó wá ilé ìbùsùn, kó bọ́ ogunlọ́gọ̀ ènìyàn. Ilẹ̀ mélòó ló lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún mẹ́rin-mẹ́rin? Eré ńlá máa ń dùn nígbà tó bá ń lọ. Bí owó bá tán, àsíá ni yóò kù.

Ta ló ń jèrè?

Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo àjọṣe ló ń pé ẹni méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lórí pápá. Maputo, ní Mozambique, ni wọ́n bí Eusébio sí. Ní 1960 ó lọ sí Lisbon láti gbá bọ́ọ̀lù fún Benfica. Nígbà ife àgbáyé 1966 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó jẹ góòlù 9, kò sí ẹni tó jẹ tó o. Ẹ̀wù Portugal ló wọ̀, nítorí pé Mozambique ṣì wà lábẹ́ wọn. Ọdún 1975 ni Mozambique tó gba òmìnira.

Ẹ wá fi ti Maria Mutola wé e. Ọmọ Maputo lòun náà. José Craveirinha, akéwì ilẹ̀ wọn, ló rí i nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù láàárín àwọn ọmọkùnrin, ó sì rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Àjọ Olympic fún un ní owó ẹ̀kọ́, ó lọ sí Oregon ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọn kò ti ń sọ Pọtogí rárá. Ní Sydney ní ọdún 2000, ó gba wúrà nínú eré mítà 800, wúrà Olympic àkọ́kọ́ tí Mozambique gbà. Orúkọ ilẹ̀ tirẹ̀ ló wà láyà rẹ̀.

Àwa náà ní irú rẹ̀. Noélie Yarigo, ọmọ Benin, gba idẹ nínú mítà 800 yẹn kan náà ní ìdíje àgbáyé abẹ́ òrùlé ní Glasgow ní 2024. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ bá wa ṣe àjọṣe eré ìdárayá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bèèrè: ẹ̀wù ta ni ọmọ wa yóò wọ̀ bó bá borí? Kí ni yóò kù sílé fún àbúrò rẹ̀?

Faransé tó kàn wá

Àwa tí a ń sọ Faransé ti wà nínú irú ètò yìí pẹ́ ju wọ́n lọ. CONFEJES, àjọ àwọn mínísítà ọ̀dọ́ àti eré ìdárayá, ti wà láti 1969, Dakar ni oríko rẹ̀ wà. Eré Francophonie bẹ̀rẹ̀ ní Morocco ní 1989. Ó ti dé Niamey ní 2005, Abidjan ní 2017, àti Kinshasa ní 2023. Kì í ṣe eré sísá àti bọ́ọ̀lù nìkan ló wà níbẹ̀. Wọ́n ń jìjàkadì, wọ́n ń jó, wọ́n ń kọrin, wọ́n tilẹ̀ ń díje nínú àlọ́ pípa.

Àìsàn tó kọlu ti Pọtogí kò ṣàì kan ti Faransé. Kánádà ló yẹ kó gba eré tó padà lọ sí Kinshasa. Moncton àti Dieppe, ìlú méjì ní ìpínlẹ̀ New Brunswick, ló ti gbà á. Nígbà tí wọ́n ṣírò owó rẹ̀ tí wọ́n rí i pé ó ti ju ohun tí wọ́n rò lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, ìjọba ìpínlẹ̀ náà yọwọ́ ní 2019. Bí ilẹ̀ olówó bíi Kánádà bá lè sọ pé owó náà pọ̀ jù, ẹ mọ ohun tó ń sọ fún wa.

Ibo ni àjọṣe Faransé ti wúlò fún wa jù? Ẹ wò ó. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà 2024, a na Nàìjíríà ní 2 sí 1. Abidjan la ti gbá bọ́ọ̀lù náà, nítorí pé pápá Kútọnù kò tíì dé ìwọ̀n tí wọ́n ń fẹ́. Aládùúgbò wa yá wa ní pápá, a sì gba máàkì mẹ́ta níbẹ̀. Kò sí àsíá, kò sí ayẹyẹ, ṣùgbọ́n àjọṣe tó so èso nìyẹn.

Èyí tó tún sún mọ́ wa jù wà ní Àjàṣẹ́. INJEPS, ilé ẹ̀kọ́ gíga tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ eré ìdárayá, wà níbẹ̀, ó sì ti kọ́ àwọn ọmọ wa àti àwọn tó wá láti ilẹ̀ Faransé mìíràn ní Áfíríkà. Láti Sakété dé ibẹ̀, ọkọ̀ kan ni. Olùkọ́ kan tó jáde níbẹ̀ tó sì wá sí CEG wa lè kọ́ ọmọ púpọ̀ ní ọdún kan. Ìwọ̀nyí ló ń pẹ́: pápá tí a yá, olùkọ́ tí a kọ́, eré ọ̀dọ́ tó ń padà wá lọ́dọọdún.

Èdè tiwa ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ tó jẹ wá lógún jù nìyí. Àwọn ilẹ̀ tó ń sọ Pọtogí wà káàkiri òkun, síbẹ̀ wọ́n ń wá ara wọn. Àwa tí a ń sọ Yorùbá ní Pobè, ní Igana, ní Towé, ní Takon, ibodè ló wà láàárín àwa àti àwọn ará wa ní Ìmẹ̀kọ, Ìdìròkọ́, Ìpókíá àti Ìlaròó. Ọjà kan náà la ń ná. Ìyàwó ń ti ibẹ̀ wá síbí, ọkọ ń ti ibí lọ sọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n bó bá di ti eré ìdárayá, ọmọ wa ń wo ọ̀nà Kútọnù àti Dakar, ọmọ wọn ń wo ọ̀nà Abẹ́òkúta àti Abuja. Wọn kì í wo ara wọn.

Aiyegun Tosin fi hàn pé ó lè rí bẹ́ẹ̀ kọ́. Èkó ni wọ́n bí i sí. Benin ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún. Ó ń ṣe fún wa ohun tí Lopes ń ṣe fún Cape Verde. Mélòó bíi tirẹ̀ ló wà ní Agége, ní Ìfọ̀, ní Libreville, ní Paris, tí bàbá wọn jẹ́ ọmọ Sakété tàbí ìyá wọn jẹ́ ọmọ Pobè? Ta ló ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀?

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ ìjọba ni, pé ibodè kì í ṣe ohun eré. Òótọ́ ni. A rí i nígbà tí Nàìjíríà ti ibodè pa láti oṣù kẹjọ 2019 títí di oṣù kejìlá 2020. Ẹ̀yin oníṣòwò lẹ jẹ ìyà rẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ti fi hàn pé àdúgbò lè borí èdè òyìnbó. UFOA-B kó Benin, Togo, Niger, Burkina Faso àti Côte d'Ivoire tó ń sọ Faransé pọ̀ mọ́ Nàìjíríà àti Gánà tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ní UFOA-A, Cape Verde àti Guinea-Bissau tó ń sọ Pọtogí wà pẹ̀lú Sẹ̀nẹ̀gàl àti Gambia. Ohun tí wọ́n ń ṣe fún orílẹ̀-èdè, kí ló dé tí kọ́múnù kò lè ṣe é fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15?

Ohun tí a ń sọ kò nílò ọkọ̀ òfurufú. Kọ́múnù márùn-ún ló wà ní Plateau. Bí wọ́n bá pe ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti ìpínlẹ̀ Ògùn, bọ́ọ̀sì ni wọn yóò gbé wá. Ọmọ kò ní sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìbátan wà. Wọn kò nílò ògbufọ̀. Bó bá ṣe Pobè lọ́dún yìí, kó ṣe Ìmẹ̀kọ lọ́dún tó ń bọ̀. Bọ́ọ̀lù ọkùnrin àti ti obìnrin, eré sísá, ìjàkadì. Ẹni tó ń ta omi, àkàrà, ọsàn àti gbígbẹ yóò tà. Ẹni tó ń gun zémìdjan yóò rí èrò gbé. Owó náà yóò yí nílé.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ tí kò tíì bá ọmọ Ìmẹ̀kọ gbá bọ́ọ̀lù rí, ìjókòó rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá pàdé ọmọ Brazil kò ní rọrùn.

Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin òbí

Èdè àjèjì tún ní ewu tirẹ̀. Ní oṣù kẹfà 2023, àwọn aláṣẹ ìwọ̀lú Portugal wọ ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù kan ní àríwá ilẹ̀ wọn. Wọ́n bá ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ níbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn kò tíì pé ọdún 18, láti Áfíríkà, Gúúsù Amẹ́ríkà àti Éṣíà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí nítorí ẹ̀sùn pé wọ́n ń fi ènìyàn ṣòwò. Ìlérí bọ́ọ̀lù ní Europe ló gbé àwọn ọmọ wọ̀nyẹn débẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá àti bàbá, bí ẹnì kan bá wá bá yín ní ọjà pé òun fẹ́ mú ọmọ yín lọ sí Portugal tàbí Faransé, ẹ rántí nǹkan mẹ́rin yìí.

Àkọ́kọ́, òfin FIFA kò gbà kí ẹgbẹ́ kan gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 láti orílẹ̀-èdè mìíràn, àfi fún ìdí díẹ̀ tí òfin náà dárúkọ. Bí ọmọ yín bá jẹ́ ọdún 14 tí wọ́n ní ẹgbẹ́ ńlá kan ń dúró dè é, ẹ fura.

Ìkejì, láti 2023, ajẹ́ntì tó bá jẹ́ ojúlówó gbọ́dọ̀ ti yege ìdánwò FIFA, kó sì ní ìwé àṣẹ. Ẹ ní kó fi hàn yín. Ẹ gbé orúkọ rẹ̀ lọ fún àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ wa kí wọ́n wò ó.

Ìkẹta, ẹ má ta ilẹ̀, ẹ má sì yá owó ọjà nítorí ìdánwò bọ́ọ̀lù. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ọmọ lóòótọ́ ló máa ń náwó lé e lórí. Bí wọ́n bá ní kí ẹ sanwó kí wọ́n tó rí ẹsẹ̀ ọmọ yín, ẹ mọ irú ọjà tí wọ́n ń tà.

Ìkẹrin, ẹ rí i pé ọmọ yín ní ìwé ìbí tó péye láti ANIP. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá ló ń pàdánù àyè nítorí pé ìwé rẹ̀ kò sí tàbí ọjọ́ orí rẹ̀ kò bára mu. Èyí kò gba ajẹ́ntì, ó gba òbí tó tètè lọ.

Ohun tó yẹ ká máa wò

Láti ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá sí ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá 2026, Dakar yóò gba Eré Olympic àwọn ọ̀dọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí eré Olympic kankan yóò wáyé ní Áfíríkà. Àwọn ọmọ Pọtogí yóò wà níbẹ̀, ti Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì náà yóò wà. Ó dára ká wò ó. Ó sì dára ká yọ̀ bí ọmọ Benin bá gba àmì ẹ̀yẹ.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí a bá pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ jẹ́ ká lọ bá mẹ́ẹ̀rì wa, ká lọ bá ọ̀gá CEG wa, ká bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo: nígbà wo ni àwọn ọmọ wa yóò bá àwọn ọmọ òdìkejì ibodè díje? Cape Verde kò dúró de eré Lusofonia ìkẹrin kó tó dé ife àgbáyé. Àwọn tó sún mọ́ wọn ni wọ́n kọ́kọ́ wá, wọ́n sì kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tó sún mọ́ wa kò jìnnà. A gbọ́ èdè ara wa.